Ọ̀rọ̀ Ìdí Òkìtì Kòkó

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ Yorùbá ya odi lójú ẹsẹ̀, ẹ ní kó jókòó, pé ẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Àyà rẹ̀ á já. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo ohun tó ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá, á máa wo èyí tó ti tú nínú wọn. Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan. Ẹ sọ fún ọkọ yín lálẹ́ pé, "Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀," kí ẹ wo bó ṣe máa rántí lẹ́ẹ̀kan náà pé òun kò tíì yẹ omi inú táńkì wò.

Iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí n mọ èyí. Káńsẹ́lọ̀ ni mí nílé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Àkúrẹ́, ó sì ti lé lógún ọdún. Wọ́n fún mi ní yàrá kan, tábìlì kan, àti àga méjì tó dojú kọra. Orí àga méjì yẹn ni ìwé kọ́ wa pé ká ti máa gbọ́ tẹnu ọmọ. Ó jọ pé ẹni tó kọ ìwé náà kò tọ́ ọmọ rí ní Oǹdó. Níbi tí wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà nígbà tí àgbà ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tuntun ló ń dá kún ti tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ la ní kó máa wò. Ẹ wá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e ka iwájú èmi tí mo tó ìyá rẹ̀, ẹ ní kó wo ojú mi kó sọ tinú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dà nù kó tó lè la ẹnu.

Ilẹ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn yàrá mi, láàárín ògiri àti wáyà ọgbà. Mo kọ ebè mélòó kan síbẹ̀, mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Ọ̀gá wa rò pé ọbẹ̀ ni mo ń wá. Mi ò ní purọ́, a máa ń rí ọbẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ́fíìsì mi.

Ní sáà kan, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá láti SS2, ọmọ tí ìwé rẹ̀ já gaara tẹ́lẹ̀ tí kò wá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mọ́. Àwọn tíṣà ti bi í títí, kò fọhùn. Èmi ò bi í ní nǹkan kan. Mo ní, "Wá bá mi fa koríko." A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun níhìn-ín, èmi lọ́hùn-ún, ebè wà láàárín wa. Ó fa ewédú mọ́ koríko, ojú tì í. Mo ní kò burú, ìyẹn náà á wọ ìkòkò. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. A ti wà lórí ebè kejì kó tó sọ̀rọ̀, láì gbórí sókè, bí ẹni pé gbòǹgbò tó ń fà ló ń bá sọ ọ́: "Mà, màmá mi ti lọ sí Ìbàdàn. Wọn ò sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀."

Mo fa koríko tọwọ́ mi tu. Mo ní, "Ta ló wá ń se oúnjẹ fáwọn àbúrò ẹ?"

"Èmi ni, mà."

Ibẹ̀ ni ó ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: bó ṣe ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí, àbúrò tí ikọ́ ń dà láàmú, bàbá tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ tó jẹ́ pé òru ló ń wọlé. Ká ní mo gbójú sókè wò ó ní gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ ì bá tún pa dé.

Àwọn tó bí wa ti mọ ọgbọ́n yìí kí ẹnikẹ́ni tó dá iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀ sílẹ̀. Inú oko ni wọ́n fi sí. Àwọn tó dàgbà nílùú ńlá lè má mọ àáró mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àáró ni kí àwọn ẹgbẹ́ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún pa ọkọ́ wọn pọ̀: lónìí gbogbo wọn á ro oko tèmi, lọ́túnla tìrẹ, títí yóò fi yí ká. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kan ni. Gbèsè ni, ẹni tó bá jẹ ẹ́ tí kò san án, ojú á tì í. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹnì kan ló ń bẹ̀ ẹ́, ẹni tó fẹ́ mọlé, tàbí ọkọ ìyàwó tó fẹ́ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún àna. Wọ́n á gún iyán, wọ́n á gbé ẹmu kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í ka ọjọ́. Nathaniel Fadipe, tó kọ ìwé lórí àwùjọ Yorùbá fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1939 (ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1970, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú), ṣàlàyé àáró àti ọ̀wẹ̀ níbẹ̀. Bí a ṣe ń pèsè agbára iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń wò ó. Èmi tí mo jókòó sí oko àáró lọ́mọdé, etí mi ló rántí rẹ̀ jù.

Kòkó ni tiwa. Oko bàbá mi wà lápá Bọ́lọ́rundúró, lójú ọ̀nà tó ti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́. Bó bá ti di oṣù kẹsàn-án, kòkó á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, iṣẹ́ á dé. Kíká rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀pá gígùn kan wà tí irin mímú wà lórí rẹ̀, tí gbogbo àgbẹ̀ kòkó ń pè ní "go-to-hell" (mi ò mọ òyìnbó tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ṣùgbọ́n inú ló ń bí i lọ́jọ́ náà). Ẹni tó bá gbé e dání, òkè ni ojú rẹ̀ wà, ọrùn rẹ̀ ti ń ro ó. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, á kùn lásán ni.

Ọjọ́ fífọ́ ni ọjọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n á ti kó gbogbo kòkó jọ sábẹ́ ibòji, òkìtì pupa àti ìyeyè tó ga ju ọmọdé lọ. Àwọn ará oko ìtòsí á dé. Ẹni kan á jókòó sórí àpótí, ẹlòmíràn sórí kùkùté, ẹlòmíràn á dojú garawa dé, gbogbo wọn á yí òkìtì ká. Àwọn ọkùnrin máa ń fi àdá gé èèpo rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wá yí i kó là. Ìyá mi kò fẹ́ àdá, kùmọ̀ ni wọ́n ń lò, wọ́n ní àdá máa ń gé ọmọ kòkó sí méjì, kòkó tó bá sì ti gún lójú á bu. Àwa ọmọdé àti àwọn obìnrin la ń fi ìka họ ọmọ rẹ̀ jáde. Nǹkan bíi 30 sí 40 ló máa ń wà nínú ẹyọ kan, gbogbo wọn nínú ẹran funfun tó ń yọ̀ bí ilá. Dídùn ni. A máa ń lá a títí ahọ́n á fi le. Èèpo á máa fò lọ sẹ́yìn wa, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú á wá kó o lọ sun fún eérú. Òkìtì iwájú á máa rẹlẹ̀, ti ẹ̀yìn á máa ga. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ la fi máa bo ọmọ kòkó náà mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà kó fi kan, kó tó kan sísá sóòrùn.

Ẹ wo bí ìjókòó yẹn ṣe rí. Àwọn èèyàn yí ká, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wo ẹnikẹ́ni. Àárín ni gbogbo ojú wà, nítorí ẹni tó bá gbójú kúrò lára àdá á fi ìka rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kò retí èsì lójú ẹsẹ̀. Ó lè sọ ọ́ tán, kí wọ́n fọ́ kòkó mẹ́wàá kẹ́nì kan tó fèsì, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ibẹ̀ pa rọ́rọ́, torí ariwo kòkó tó ń là ti kún ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wuwo jù, ẹnì kan á ní, "Ẹ ti òkìtì yẹn sọ́dọ̀ wa níhìn-ín," ọ̀rọ̀ á yí padà, ojú ò sì ní ti ẹnikẹ́ni. Lórí àga méjì inú ọ́fíìsì mi, ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan ti dà bí ìyà. Nídìí kòkó, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ wà.

Ọdún tí ìjọba tú Cocoa Board ká, 1986, ni bàbá mi bá wa sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò gbàgbé. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ owó níwájú ọmọ ni wọ́n. Wọ́n gé kòkó kan, wọ́n yí i, wọ́n jù ú sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní, "Ṣé o rí igi obì ọ̀hún?"

Mo ní, "Mo rí i, Bàbá."

"Ibẹ̀ ni tiwa parí sí báyìí."

Wọ́n gé òmíràn. Mi ò lóye. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó bi wọ́n pé láti ìgbà wo. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ ti wọ Adéyẹmí." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti fi ìdajì oko dógò nítorí ẹ̀gbọ́n mi tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, pé ẹni tó yá wọn lówó ló ń ká kòkó apá ọ̀hún títí a ó fi san owó rẹ̀ pé. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ bàbá ilẹ̀ kòkó gbà rán ọmọ níwèé nìyẹn. Ìyá mi kò dáwọ́ dúró. Ó hàn pé wọ́n ti mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó wà níbẹ̀ ní ìsinmi, ń họ kòkó kan náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," wọ́n sì mú òmíràn. Ó parí síbẹ̀. Ká ní pálọ̀ ni bàbá pè wá jọ sí, ìpàdé ẹbí ni ì bá dà, ẹkún ì bá wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ì bá dọ̀bálẹ̀, bàbá ì bá sì kábàámọ̀ pé òun sọ ọ́.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara nígbà táwọn èèyàn bá jọ ń ṣe nǹkan kan. Lọ́dún 2010 ni ìwádìí Emma Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford jáde. Wọ́n mú ọkùnrin 12 tó ń tukọ̀ fún yunifásítì náà, wọ́n ní kí wọ́n wa ẹ̀rọ ìtukọ̀ fún ìṣẹ́jú 45, nígbà mìíràn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn ní àjùmọ̀ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ìgbànú tí dókítà fi ń wọn ìfúnpá fún wọn lápá títí ẹni náà á fi ní ó tó. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n jọ tukọ̀, wọ́n fara da ìrora jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ ni èròjà endorphin, oògùn ìrora tí ara ń pò fúnra rẹ̀, tó máa ń jẹ́ kí ọkàn fúyẹ́. Ní Stanford ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2009, Scott Wiltermuth àti Chip Heath ní káwọn kan jọ rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà, káwọn mìíràn rìn bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá fún wọn ní eré kan tó gba pé kéèyàn gbẹ́kẹ̀ lé ẹnì kejì, àwọn tó jọ ṣísẹ̀ ló fọwọ́ sowọ́ pọ̀ jù.

Òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wọn ọ̀rọ̀ sísọ. Èmi ni mo so ó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo obìnrin mẹ́ta nídìí odó kan lọ́jọ́ ìnáwó ní Oǹdó, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi so ó. Ọmọ odó mẹ́ta, odó kan. Èyí ń lọ sókè, èyí ń bọ̀ nílẹ̀, èyí wà láàárín. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́, igi á kan igi, gbogbo wọn á hó. Láàárín ìró kan sí èkejì ni wọ́n ti ń ju ọ̀rọ̀ síra: ìyàwó tuntun á sọ ohun tí kò lè sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ nínú yàrá, ìyá ọkọ náà á sì fèsì, ọmọ odó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Àmọ́ iṣẹ́ tó bá le jù ń pa ẹnu dé. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè mọ̀. Àtẹ̀gùn 667 ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, àwọn ọ̀dọ́ máa ń ti Àkúrẹ́ rọ́ lọ síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ariwo wọn á gba gbogbo ìsàlẹ̀ òkè. Tó bá yá, mímí nìkan lẹ ó máa gbọ́. Ibi ìsinmi lójú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ gidi ti ń jáde, nígbà tí òógùn ń gbẹ, tí gbogbo wọn jókòó tí wọ́n kọjú sí ìlú nísàlẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní òṣùwọ̀n kan fún eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n: kéèyàn lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má lè kọrin. Fún ọ̀rọ̀ inú, èmi fẹ́ kó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ.

Kí ni ó kù báyìí? Àáró ti ń kú lọ. Àwọn kan di ẹ̀bi rẹ̀ ru ilé-ìwé, àwọn kan ìlú ńlá. Lójú tèmi, oògùn koríko ló pa á jù. Oko tí ọkùnrin mẹ́fà ń fi ọjọ́ kan ro, ẹnì kan á gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, á fi aṣọ bo imú, á máa fín in lọ láti ibí dé ọ̀hún lóun nìkan. Koríko kú, ọ̀rọ̀ náà kú. Àwọn alágbàro tí wọ́n ń pè fún iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù, iye iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ni owó wọn. Wọn ò ráyè jókòó gbọ́ ìtàn igi obì ẹnikẹ́ni. Mi ò ní kí àgbẹ̀ má fín oògùn o. Ẹ̀yìn tó ti ń dun èèyàn láti ogójì ọdún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó sinmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò ní sọ pé ìdí kòkó kò ní ewu tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ níbẹ̀, kó tó di ọjọ́ ọjà, gbogbo abúlé ti gbọ́. Àṣírí tó lè ba ayé ẹni jẹ́, ebè ewédú mi dára fún un ju òkìtì èèyàn mẹ́wàá lọ.

Àwọn ìlú mìíràn ti ń wá ohun tí wọ́n á fi dípò. Ní Ọsirélíà, láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń dá ohun tí wọ́n ń pè ní Men's Shed sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì ti ń kàn àga, tí wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó ti dé Ireland àti Bìrìtìkó. Wọ́n ti rí i pé ọkùnrin tí kò jẹ́ sọ fún dókítà pé ìtọ̀ ń ṣòro fún òun á sọ ọ́ fún ẹni tó ń bá a di pákó mú. Tiwa náà wà bí a bá wò ó dáadáa. Ní Sátidé, kí oòrùn tó mú, ẹ ó rí àwọn tó ń rìn méjì-méjì lójú ọ̀nà Alágbàká ní Àkúrẹ́, bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ń dín ọ̀rá kù. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rá náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọkàn ni wọ́n ń dín ẹrù rẹ̀ kù.

Àwọn òbí máa ń bi mí léèrè ohun tí wọ́n lè ṣe nílé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n wá iṣẹ́ tó nílò ọwọ́ méjì sí mẹ́rin, tí kò pariwo, tí kò sì yára tán. Fífọ mọ́tò dára; ẹ jẹ́ kó fọ apá kan, kí ẹ fọ apá kejì. Ẹ̀wà ṣíṣà dára púpọ̀. Jẹnẹrétọ̀ títúnṣe kò dára, bàbá á bínú. Ẹ má fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni kí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀, "mú garawa yẹn wá," "ibẹ̀ yẹn kò tíì mọ́." Bí ọmọ bá wá sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ń rí jù ni pé òbí á ju kàn-ìnkàn-ìn sílẹ̀, á nà tán, á ní, "Kí lo sọ?" Ó parí nìyẹn. Ẹ máa fọ táyà lọ.

Obìnrin kan wà tí mo mọ̀ ní Yábà, Yábà ti Oǹdó o, kì í ṣe ti Èkó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Houston. Lórí WhatsApp ni wọ́n ti ń ríra, ojú kojú, gbogbo ìpè wọn kì í ju "Ṣé àlàáfíà ni?" "Àlàáfíà ni, Mà" lọ. Ìyá náà wá ṣe ohun kan. Ó ra ẹ̀gúsí tí wọn kò tíì bó, ó fi ìdajì rán ẹni tó ń lọ sí Houston sí ọmọ rẹ̀, ó ní kó má ra èyí tí wọ́n ti bó mọ́. Ní gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè, wọ́n á gbé fóònù ti nǹkan, oníkálùkù á máa bó ẹ̀gúsí tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọmọ sọ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun láti ìgbà tó ti pẹ́. Mo bi ìyá náà pé kí ló sọ. Ó ní òun kò sọ nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ń bó ẹ̀gúsí òun lọ. Ọmọ náà ló tún tẹ̀ síwájú fúnra rẹ̀. Ní báyìí ìyá náà tún ti ń wá ẹni tó ń lọ sí Houston, ẹ̀gúsí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́hùn-ún.